Wọ́n Ní N Kò Kúnlẹ̀

Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n ti fi abẹ gba ọmọ lára yín rí, tí oyún mìíràn sì tún wà nínú yín báyìí, ẹ̀yin ni mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. N kì í ṣe dókítà. Tíṣà ni mí, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́ ní á-bí-dí nílé ìwé ìjọ kan ní Àpápá, ó sì ti lé ní ọdún méjìlá tí mo ti ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. N kò ní bo ọ̀kankan mọ́lẹ̀, títí kan èyí tí n kò lè sọ fún àwọn èèyàn mi nígbà tó yẹ kí n sọ ọ́.

Ọdún tí àwọn sójà kọ́kọ́ gba ìjọba ni mo bí Fọlákẹ́, ọmọ mi. Kílaàkì ni ọkọ mi ní wọ́ọ̀fù Àpápá nígbà náà, yàrá kan la sì háyà nílé Alhájì kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan tí kò jìnnà sílé ni mo forúkọ sílẹ̀ sí. Nígbà tí ìrọbí dé, mo rò pé kí ilẹ̀ tó ṣú n ó ti máa fún ọmọ lọ́yàn. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì dé, ọmọ kò wá. Àgbẹ̀bí tó ń tọ́jú mi gbé ọwọ́ lé ikùn mi, ó ní, “Ọmọ yìí dábùú. Èyí ti kọjá agbára mi.” Takisí ni wọ́n fi gbé mi gba Ìjọra kọjá lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Èkó, níbi tí wọ́n ti là mí nínú. Ohun tí mo rántí ni iná ńlá kan lókè orí mi, àti ohùn nọ́ọ̀sì tó ní kí n máa ka ení, èjì. N kò kà ju ẹ̀rin lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá mi sílẹ̀, dókítà àgbà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọmọ Yorùbá ni, ohùn rẹ̀ sì tutù.

“Tíṣà, fetí sílẹ̀ dáadáa,” ó ní. “Bí ọmọ rẹ ṣe dábùú, tó sì ti pẹ́, a ò ráàyè gé ilé ọmọ rẹ nísàlẹ̀ bí a ṣe máa ń gé e. Òkè la ti gé e wá sísàlẹ̀. Irú ojú abẹ bẹ́ẹ̀ kì í lágbára tó láti gba ìrọbí mọ́. Bí o bá tún lóyún, má dúró de ìrọbí. Bó bá ti pé oṣù mẹ́jọ, wá sùn tì wá, a ó gbé ọmọ náà fún ọ.”

Ó kọ ọ́ sínú káàdì mi pẹ̀lú, ó sì fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Mo kà á. Ó yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń bá mi bọ̀: ó yé mi.

Ìyá ọkọ mi ti dé láti Abẹ́òkúta láti wá wẹ ọmọ. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, ó sì fẹ́ràn mi, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ọmọ mẹ́jọ ló bí, orí ẹní ló sì bí gbogbo wọn sí. Nígbà tí àwọn ará ilé wá kí wa, ìyá onílé wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ kú ewu ọmọ o. Ìyàwó, o kú ìkúnlẹ̀.” Kí n tó dáhùn, ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kò kúnlẹ̀ o. Wọ́n bá a gbé e jáde ni.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ojú abẹ ń dùn mí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo fi ọwọ́ dì í mú.

Àwàdà ni. Mo mọ̀ pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ó rí ibi jókòó sí nínú mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún àwọn aboyún pé kí wọ́n bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù, mo máa ń rò pé gbogbo ojú ló ń wò mí. Àwọn ìyàwó ilé ọkọ mi tí wọn kò kàwé, tí wọ́n ń bí lọ́dọọdún, á máa sọ bí ọmọ ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn kí omi tó gbóná. Èmi á jókòó láàárín wọn, n kò ní ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Mo mú káàdì ọsibítù náà, mo fi sáàárín ìwé tí mo fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù nílé ìwé. Nígbà tí ọkọ mi bi mí ohun tí dókítà wí, mo ní wọ́n ní kí n sinmi fún ọdún méjì. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. N kò sọ ìyókù.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Ogun jà, ogun parí. Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, a jọ ń lọ sí Àpápá láàárọ̀, a jọ ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ní gbogbo àsìkò yìí, oyún kò dúró. Ìyá ọkọ mi ń fi àgbo ránṣẹ́ nínú ìgò láti Abẹ́òkúta, mò ń mu ún. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀, mo gbààwẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé obìnrin tí wọ́n bá ti là nínú, afẹ́fẹ́ ti wọ ibẹ̀, ọmọ ò lè dúró síbẹ̀ mọ́. Kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá gbọ́ irọ́ fún ọdún mẹ́fà, yóò mọ́ ọn létí.

Ọdún tí wọ́n yí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, tí gbogbo wa ń wo iwájú wo ẹ̀yìn kí a tó sọdá títì, ni oyún dé. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi mọ̀. Òórùn rẹ̀ kàn ń fà mí ṣáá, mo ń bu ṣọ́ọ̀kì jẹ nídìí bọ́ọ̀dù bí ẹni ń jẹ gúgúrú, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń wò mí tìyanu-tìyanu. Inú mi dùn gan-an. Ọjọ́ kan náà ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, mo gbààyè níléèwé, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, mo sọ̀ ní Máríínà, mo fẹsẹ̀ rìn dé ọsibítù. Agogo méje kò tíì lù, àwọn aboyún ti kún orí bẹ́ǹṣì. Bí ẹnì kan bá dìde, gbogbo wa á sún ìdí. Obìnrin kan láti Ìjọra Badia ló jókòó tì mí, ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà dání, ó ní òun ti mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí. Ó fún mi ní ẹ̀kọ kan. Ó ti kọjá agogo kan ọ̀sán kí wọ́n tó pe orúkọ mi. Dókítà ọ̀tọ̀ ni mo bá, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó ṣí fáìlì mi, ó kà á, ó gbójú sókè.

“Wọ́n ti sọ fún yín, àbí?”

“Wọ́n ti sọ fún mi, sà.”

“Kò sí ìrọbí fún yín o. Tó bá ti pé oṣù mẹ́jọ, ẹ gbé ẹrù yín wá.”

“Mo gbọ́, sà.”

Mo padà wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, ohun tí mò ń rò kì í ṣe bí n ó ṣe wá padà. Bí n ó ṣe wí fún Màmá ni mò ń rò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an. Kò sí ọjọ́ kan tí mo jókòó tí mo pinnu pé n kò ní lọ. Mo kàn ń sún un síwájú. Mo ń sọ fún ara mi pé oṣù mẹ́jọ ṣì jìnnà, Ọlọ́run lè ṣe iṣẹ́ ìyanu kó tó dé ibẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ Màmá Ẹ̀bí wọ̀ ọ́.

Aládùúgbò wa ni Màmá Ẹ̀bí, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ ni, ó ń ta ẹja yíyan tó máa ń rà lọ́dọ̀ àwọn apẹja Marine Beach. Wọ́n ti fi abẹ gba àkọ́bí rẹ̀ bíi tèmi, ṣùgbọ́n ó bí ìkejì fúnra rẹ̀, ọmọ gìdìgbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwa méjèèjì nìkan wà ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó tú ìró rẹ̀ kó lè fi àpá rẹ̀ hàn mí.

“Look am well,” ó ní. “Na di same knife. My sister, no fear. You go born am by yourself.”

Mo wò ó. Àpá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìdodo, ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi. Ohun tí mo rí nìyẹn. Ohun tí n kò rí ni pé nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò dé, ìbú ni wọ́n gé ilé ọmọ tirẹ̀ nísàlẹ̀, òòró ni wọ́n gé tèmi láti òkè. Yàtọ̀ sí èyí, ọsibítù ló ti rọbí, dókítà ló fọwọ́ sí i, wọn kò sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ọmọ fi dé. Kò fi èyí pamọ́ fún mi. N kò bi í ni. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni mo gbọ́, mo so ìró mi, mo wọlé.

Nígbà tí oyún pé oṣù méje, ìyá ọkọ mi tún dé. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn mi, ojú rẹ̀ ń dán. “Èyí, o ó kúnlẹ̀ bí i,” ó ní. “Mo ti gbààwẹ̀ lé e lórí fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Abẹ ò ní kàn ọ́ lórúkọ Jésù.”

“Àmín, Màmá,” ni mo dáhùn.

Ọkọ mi jókòó nítòsí, ó ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde sẹ́yìnkùlé, ó ká ìwé náà sórí itan.

“Ìyá Fọlá, kí ni dókítà sọ gan-an?”

“Ó ní mo lè dán an wò.”

“Ṣé ó dá a lójú?”

“Ó dá a lójú.”

“Níbo ni káàdì wà?”

“Ọ̀dọ̀ wọn ló wà. Wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ ni.”

Ó tún gbé ìwé ìròyìn náà. “Ìwọ lo kàwé jù mí lọ,” ó ní. “Ohun tí o bá sọ la ó ṣe.”

Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló ń dùn mí jù. Ká ní ó bá mi jà ni, bóyá ǹ bá jẹ́wọ́.

Ìyá ọkọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀bí ìjọ kan tó wà lọ́nà ilé wa, opó tó ti dàgbà, aṣọ funfun ló máa ń wọ̀. Èrò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni pé irú wọn kì í bèèrè nǹkan kan. Èyí bèèrè. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ sórí ẹní, nígbà tó sì rí àpá náà, ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

“Kí ni wọ́n sọ fún ọ ní ọsibítù nípa ìkejì?”

“Wọ́n ní kò séwu, Màmá.”

“Ọmọ mi, mo máa ń gbẹ̀bí, mi ò kì í dán Ọlọ́run wò. Mú káàdì rẹ wá, ọmọ tí mo bí á bá mi kà á.”

“Òjò pa á, Màmá. Kò ṣeé kà mọ́.”

Ó tún wo àpá náà. Ìyá ọkọ mi ń mi orí láti fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Níkẹyìn ó ní, “Ó dára. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo gbà yìí o.”

Irọ́ kan náà ni mo ti wá pa báyìí fún ọkọ mi, fún ìyá rẹ̀ àti fún àgbẹ̀bí yìí, ẹni mẹ́ta tó fẹ́ ire fún mi.

Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí n gbé ẹrù lọ sí ọsibítù, mo wà níléèwé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin. Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fa káàdì náà yọ. Ìlà pupa náà ti ń ṣá. Mo dúró, mo dì í mú. Mo rò pé bóyá kí n gba Máríínà lọ láti ibẹ̀, kí n má padà sílé rárá, kí wọ́n kàn gbọ́ pé mo wà ní ọsibítù. Agogo lù, àwọn ọmọ sáré wọlé. Mo dá káàdì náà padà.

Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, Fọlákẹ́ ti bá àwọn ọmọ ilé lọ sílé ìwé. Èmi àti ìyá ọkọ mi rìn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbẹ̀bí, a ń dúró lọ́nà tí inú bá rún mi. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní. Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi, ó di ìbàdí mi mú, ó ń kọrin sí mi létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìrora ń dé, ó ń lọ, bí àwọn ìyàwó ilé ṣe máa ń sọ ọ́. Fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, èmi náà dà bí àwọn obìnrin yòókù. N kò ní parọ́ fún yín, wákàtí mẹ́rin yẹn dùn mọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan ya nínú mi. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè lò. Ó ya bí ìgbà tí èèyàn bá fa aṣọ tó ti gbó ya. Mo kígbe. Lẹ́yìn igbe yẹn, ìrọbí dáwọ́ dúró. Ìrora tó ń lọ tó ń bọ̀ kò bọ̀ mọ́.

“Ó ti fẹ́ dé nìyẹn,” ìyá ọkọ mi wí.

Ìyá Àgbẹ̀bí sún mọ́ mi. Ó tẹ́tí sí ikùn mi, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó sáré bọ́ sí ojúde láìwọ bàtà. “Ẹ wá ọkọ̀ fún mi o! Ẹ gbà mí o, ẹ wá ọkọ̀!” Èjìká ọ̀tún ń ro mí, kò yé mi ìdí tí èjìká fi ń ro aboyún. Òógùn tútù bò mí. Ọmọ tó ti ń fẹsẹ̀ ta mí láti àárọ̀ kò mira mọ́.

Ọkọ̀ búrẹ́dì ló gbà láti gbé wa. Wọ́n tẹ́ mi sáàárín àwọn páálí búrẹ́dì tó ti ṣófo, òórùn búrẹ́dì gbígbóná ṣì wà nínú ọkọ̀ náà. Títí di òní n kì í jẹ ẹ́. Ní Ìjọra Badia, ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù láti wọ́ọ̀fù dí ọ̀nà mọ́ wa. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń kọjá, kọ́ìkọ́ì, kọ́ìkọ́ì, kò fẹ́ tán. Ìyá ọkọ mi bẹ́ sílẹ̀, ó ṣí gèlè, ó ń jù ú sókè sí awakọ̀ ojú irin náà. “Ẹ dá a dúró! Ọmọ mi ń kú lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni!” Ìyàwó ló máa ń pè mí látijọ́. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó pè mí ní ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti wọ inú wọ́ọ̀dù, ọjọ́ kejì ni. Ọkọ mi jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n lẹ òwú mọ́ ọn ní ìgbọ̀nwọ́ níbi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún mi. N kò ní láti bi í. Ikùn mi ti rọlẹ̀, kò sí igbe ọmọ níbì kankan. Ọkùnrin ni. Ó ti kú kí a tó dé. Ilé ọmọ mi ti ya kọjá ohun tó ṣeé rán, wọ́n gé e kúrò kí ẹ̀jẹ̀ tó lè dá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà yẹn wọlé pẹ̀lú fáìlì mi lọ́wọ́. Kò bínú. Àárẹ̀ ló mú un, ó kàn ń wá bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa yé e. “Bàbá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ rọbí ni? Láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn la ti kọ ọ́. Èmi fúnra mi tún sọ fún wọn nígbà tí oyún wà lóṣù mẹ́rin.”

Ọkọ mi gba fáìlì náà. Ó kà á, ó tún padà kà á. Nígbà tí dókítà lọ tán, ó bi mí léèrè láìgbé ohùn sókè.

“Ṣé o kà á?”

“Mo kà á.”

“Ó yé ọ?”

“Ó yé mi.”

Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ rí àwọn tí wọn yóò gbé ọmọ náà fún òun. Òun àti ìyá rẹ̀ ló lọ sin ín. Èmi kò fojú kàn án.

Ní ọjọ́ kẹrin, omi ọyàn dé. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé yóò dé. Aṣọ mi tutù, ọyàn mi le bí òkúta, mo kàn ń wò ó. Ìyá ọkọ mi tú gèlè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi so ọyàn mi mọ́lẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹ̀bi mi ni,” ó ní. “Ẹnu mi yìí ló lé ọ débẹ̀.”

Mo ní, “Màmá, wọ́n sọ fún mi. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kà á, mo sì fi pamọ́ fún gbogbo yín.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ náà.

“O mọ̀wé kà,” ó ní, “o wá ń bẹ̀rù èmi tí mi ò mọ á-bí-dí.”

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í so ó, ó rọra, kó má bàa dùn mí. Nígbà tó so ó tán, ó jókòó tì mí. “Mo rí i,” ó ní. “Ó jọ bàbá rẹ̀. Irun orí rẹ̀ pọ̀.” Òun nìkan ló sọ nǹkan kan fún mi nípa ọmọ náà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò ní wọ́ọ̀dù. Ojú abẹ kọ́kọ́ kẹ̀, ó wá san. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lóòrèkóòrè ni wọ́n ń gbé ọmọ wá fún àwọn ìyá kí wọ́n fún wọn lọ́yàn, nọ́ọ̀sì kan tó láàánú sì gbé bẹ́ẹ̀dì mi kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí mo délé, Màmá Ẹ̀bí dúró sí ojúde, kò lè wọlé. Ó ń sunkún ṣáá pé, “Na me, na me.” Mo ní kì í ṣe òun. Títí tí wọ́n fi kó kúrò ní àdúgbò náà, kò gbà.

Ọkọ mi kò lé mi jáde, kò bú mi. Ó kàn dákẹ́ ni. Ọkùnrin tó máa ń sọ gbogbo ìtàn wọ́ọ̀fù fún mi tó bá dé, ó wá di ẹni tó ń jẹun, tó ń dìde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó ní, “Ìyá Fọlá, mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ níta.” Ó ti fẹ́ obìnrin kan ní ọ̀nà Kirikiri, oyún ti wà níbẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Ó ní, “Ṣé o ò ní sọ nǹkan kan?” Mo ní, “Kí ni kí n sọ? Inú mi dùn pé ẹ sọ òótọ́ fún mi.” Òun ló wá bú sẹ́kún. Ọmọ méjì ló ti bí níbẹ̀ báyìí. Ó máa ń wá sọ́dọ̀ wa lópin ọ̀sẹ̀, ó ń san owó ilé ìwé Fọlákẹ́, a sì ń bára wa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí: ara mi le, mo ń ṣiṣẹ́ mi. N kì í rí nǹkan oṣù láti ọjọ́ náà. N kò lè gbé korobá omi tó kún, bí ọyẹ́ bá sì dé, ojú àpá máa ń fà mí. Ooru máa ń bò mí lójijì níwájú kíláàsì, n ó dá dúró, n ó fi ìwé fẹ́ra mi, àwọn ọmọ á rò pé mo ń ronú. Fọlákẹ́ ti pé ọmọ ọdún méjìlá, ó ga jù mí lọ díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń bẹ láyé. Bó bá wá láti Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ mi ló ń wọ̀ sí, kì í lọ sí Kirikiri àyàfi tí mo bá sin ín lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, n kò sọ pé kí gbogbo ẹni tí wọ́n ti là nínú sá fún ìrọbí. Màmá Ẹ̀bí bí tirẹ̀, ó sì yè. Ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà yín bí wọ́n ṣe gé yín nínú, kì í ṣe lójú ara. Ẹ bi í títí yóò fi yé yín. Bó bá ní ẹ lè rọbí, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti rọbí. Bó bá ní rárá, ẹ mú káàdì náà délé, kí ẹ gbé e lé ọkọ yín lọ́wọ́ kí ìtìjú tó bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, òun náà ni yóò ṣí gèlè kígbe fún yín lọ́la. Ohun tí mò ń bẹ̀rù kò tó ohun à ń bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tuntun yìí, àwọn òbí tò láti ẹnu géètì títí dé títì, wọ́n mú ọmọ wá. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà à ń dán àwọn ọmọ náà wò bí a ṣe máa ń ṣe. Ọmọ á na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí. Bí ọwọ́ náà bá kan etí òsì, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà, ó lè wọlé. Èmi ni wọ́n ní kí n dúró ti ìlà. “Ó kàn án, wọlé.” “Kò tíì kàn án, ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.” Mo ti yẹ ọmọ bí ogún wò kí n tó ṣírò ohun tí mò ń ṣe. Ọwọ́ ọmọkùnrin mi tó kú náà ì bá ti kàn án lọ́dún yìí.

Ọ̀gá àgbà pè mí láti ọ̀ọ́kán. “Tíṣà, ṣé kò sí nǹkan?”

“Kò sí, sà,” ni mo wí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ tó kàn, ọmọkùnrin kan tí irun orí rẹ̀ pọ̀, mo ní kó na ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí.